Ọjọ́ Tí Igi Bá Hù Nínú Ilé Rẹ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí télọ̀ yìí jẹ́, ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Láti ìgbà tí ó ti ń ránṣọ ni téèpù ìwọnṣọ ti wà níbẹ̀. Òun ni ó máa ń kọ́kọ́ fi kọ́rùn láàárọ̀ kí ó tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, òun náà ni ìyàwó rẹ̀ sì máa ń rọra yọ nígbà tí oorun bá ti gbé e lọ. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Téèpù. Ohunkóhun tó bá dé iwájú rẹ̀, wíwọ̀n ni yóò wọ̀n ọ́n: ẹnu ọ̀nà, àga tuntun, búrẹ́dì tí ìyàwó rẹ̀ mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó wọn ajá aládùúgbò nígbà kan, ajá náà sì dúró jẹ́ẹ́ bí oníbàárà tó fẹ́ rán kóòtù.

Ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, òkè pátápátá ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Pálọ̀ kan, yàrá méjì, àti ilé ìdáná kan tí ẹni méjì kò lè dúró sí kí ìgúnpá wọn má kọlu ara. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti lọ sí ilé tiwọn, yàrá kejì sì ṣófo. Téèpù ti kun yàrá náà ní ọ̀dà, ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì kékeré sí i, ó sì ti rán kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé sí fèrèsé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó ṣe gbogbo rẹ̀ dè. Ìyá kò wá.

Ìyá náà ń dá gbé nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ní ìlú kan tí ènìyàn máa ń fi ìdajì ọjọ́ jókòó nínú bọ́ọ̀sì kí ó tó dé. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn òjò kan báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ṣubú, kò sì lè dìde. Ibẹ̀ ni ó wà títí ìyàwó ilé kejì fi wá tọrọ iyọ̀. Bí kì í bá ṣe pé iyọ̀ tán nílé obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà, ìtàn mìíràn ni à bá máa sọ. Ẹsẹ̀ ìyá san, ara ọmọ ni kò balẹ̀ mọ́. Bí fóònù bá dún lákòókò tí kò retí, Téèpù yóò fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka.

"Màámi, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa," ni orin tí ó ń kọ lójoojúmọ́.

"Kí n wá máa ṣe kí ni lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?" ni ìyá máa ń dáhùn. "Kí ẹ gbé mi kalẹ̀ bí àwo tí a kì í fi jẹun? Èmi ní píà mi tí mò ń tọ́jú níbí o."

Òótọ́ ni. Igi píà kan wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, èyí tí èso rẹ̀ máa ń rọ̀ bí bọ́tà tí ènìyàn ń fi pa búrẹ́dì jẹ. Abẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń ṣa ẹ̀wà, abẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń gba àlejò, ibẹ̀ náà ni ó ti ń bá àwọn ẹyẹ jà láti àárọ̀ dalẹ́. Ta ni yóò rí bá jà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?

Ìgbà tó yá, ìjì kan fẹ́, ó sì hú igi náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Téèpù kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì. Ojú rẹ̀ ń bá ìyá kẹ́dùn, inú rẹ̀ ń jó ijó ayọ̀. Ẹ má dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ṣubú rí ló mọ ohun tó ń ṣe é.

"Màámi, igi ti wó. Kí ló tún kù tí ẹ ń ṣọ́?"

Ìyá wo igi tó wó, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó rántí ilé alájà mẹ́ta yẹn, bí wọ́n ṣe da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn, tí koríko pàápàá kò rí ibi yọ orí sí.

"Ó dáa," ó ní. "Ọjọ́ tí igi bá hù nínú ilé rẹ, ọjọ́ náà ni màá wá."

Ó rò pé òun ti ti ilẹ̀kùn, òun sì ti ju kọ́kọ́rọ́ sínú kànga. Àmọ́ ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Téèpù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tí oníbàárà bá sọ irú aṣọ tó fẹ́ àti ọjọ́ tí yóò wá gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú ẹ̀ka igi tó wó náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú èso rẹ̀ ti fọ́, àwọn tó kù kò gbó. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó rí tó gbó dáadáa. Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sí àyà bí ọmọ ìkókó títí bọ́ọ̀sì fi gbé e délé.

Nígbà tí píà náà rọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, wọ́n sì fọ kóró rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kóró kan. Igi tó bí i ti kú, kò sí ibi tí wọn yóò ti rí èkejì, igi mìíràn kò sì lè wọ ìyá lójú. Bí èyí bá jẹrà, a jẹ́ pé ìyá yóò máa dá gbé lọ nìyẹn, títí ọjọ́ tí iyọ̀ kò ní tán nílé kejì.

Ọkùnrin ṣúmékà tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan. "Má wulẹ̀ wá ilẹ̀ kiri," ni ó wí. "Mo ti rí i lọ́dọ̀ ẹnì kan. Bu omi sínú ife. Wá igi tín-ín-rín mẹ́ta, kí o fi gún kóró náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè fi wọ́n gun ẹnu ife. Kí ìdajì kóró wà nínú omi, kí ìdajì wà lókè. Gbòǹgbò á yọ, igi á tẹ̀ lé e."

Igi tín-ín-rín wo ni télọ̀ ń wá? Abẹ́rẹ́ olórí róbótó tí ó fi ń di aṣọ pọ̀ kí ó tó rán an kún inú agolo lórí tábìlì rẹ̀. Ó fa mẹ́ta yọ, ó fi gún kóró náà. Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ṣúmékà kò sọ: kóró píà ní ẹnu ṣóńṣó kan, ó sì ní ìdí pẹrẹsẹ kan. Èwo ni yóò wà nínú omi?

Ẹni tí ó ti ń ránṣọ láti kékeré kò ní láti bi ẹnikẹ́ni. Ohun gbogbo tí Téèpù ń fi ṣiṣẹ́, ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ ló ń ṣíwájú. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ aṣọ nìyẹn, bí sísọ́ọ̀sì ṣe ń wọ aṣọ nìyẹn. Ó kọ ẹnu ṣóńṣó kóró náà sínú omi, ó sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ máa wo òrùlé.

Ìyàwó rẹ̀, tí ìyẹ̀fun ilé búrẹ́dì ṣì wà ní ìgúnpá rẹ̀, dúró wò ó. "Ṣé ó dá yín lójú pé bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn?"

"Ṣé abẹ́rẹ́ máa ń fi ìdí wọ aṣọ ni?"

Ìyàwó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun ni òun ń pò, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Wọ́n gbé ife náà sójú fèrèsé yàrá tó ṣófo, lẹ́yìn kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tí kì í dìde nídìí máṣìn bí ilé tilẹ̀ ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn bí ọmọ iléèwé. Yóò wọn àyà oníbàárà, yóò ní, "Ẹ dúró díẹ̀, ẹ má mí," yóò sì sáré lọ sókè lọ wo kóró. Nígbà tí yóò bá fi dé, oníbàárà á ti gbé apá sílẹ̀, á ní òun kò lè kú nítorí ṣẹ́ẹ̀tì. Ó rán apá òsì méjì mọ́ kóòtù kan. Olówó kóòtù wọ̀ ọ́, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, "Téèpù, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Ẹ má bínú," ni Téèpù dá a lóhùn, "ìyá mi ló fẹ́ dé."

Ṣúmékà ní tirẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Bó bá ti rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀, á béèrè pé, "Ṣé ife ti bímọ?" Téèpù a ní, "Ó kù díẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ó ti ń sọ̀rọ̀ bí àgbẹ̀, ẹni tí kò gbin ata rí.

Lọ́jọ́ kan kóró náà là láàárín. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ojú rẹ̀ kọjá. Téèpù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí kóró. Nígbà tó yá, nǹkan funfun kan yọrí láti òkè, níbi ìdí pẹrẹsẹ tó ń wo òrùlé. Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó wọ̀n ọ́n. Kò tíì gùn tó èékánná ọmọdé. Ó wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kejì, ó wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kẹta, nǹkan náà ń gùn sí i, ó sì wá ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ife.

"Oòrùn ló ń wá," Téèpù ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀. "Igi ọlọ́gbọ́n ni."

Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn, kò sì lè pa á mọ́ra. Ó pe ṣúmékà, ó pe aládùúgbò tó ni ajá. Ìyàwó rẹ̀ mú búrẹ́dì gbígbóná dé. Gbogbo wọn kún yàrá kékeré náà, ṣúmékà ṣí fìlà fún ife omi. Níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, Téèpù tẹ ìyá rẹ̀ láago, ó sì ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè gbọ́.

"Màámi, ẹ máa di ẹrù yín."

"Ẹrù kí ni?"

"Igi ti hù nínú ilé mi."

Ìyá ní, "Irọ́ ni."

"Mo ti wọ̀n ọ́n, Màámi."

"Àwọ̀ wo ló ní?"

"Funfun báláú."

"Ṣé ó nàró ni àbí ó tẹ̀?"

"Ó tẹ̀ díẹ̀. Ó dà bíi pé ó ń wo ilẹ̀."

"Apá ibo lo kọ sínú omi?"

"Ẹnu ṣóńṣó ni."

Wọ́n gbọ́ ìró kan nínú fóònù. Téèpù rò pé ẹkún ayọ̀ ni, ojú tirẹ̀ náà ti fẹ́ máa ṣomi. Ẹ̀rín ni. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Ọmọ mi," ó ní, "gbòǹgbò lò ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí. O dorí igi kodò. Ẹnu ṣóńṣó ni òkè rẹ̀. Èyí tó bá máa di igi, pupa rúsúrúsú ni í yọ, òkè ló sì ń lọ. Gbòǹgbò ló máa ń wá ilẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń tẹ̀ wá sísàlẹ̀."

"Ṣé kò tíì hù nìyẹn?"

"Kò tíì hù."

Ṣúmékà dé fìlà rẹ̀ padà. Ẹni tó ni ajá gbé búrẹ́dì tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì láìrún un. Ojú ti Téèpù débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtìjú ló dùn ún jù, ẹ̀rù ni: gbòǹgbò funfun yẹn rí bí ohun tí afẹ́fẹ́ lè ṣẹ́, bó bá sì ṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí.

"Màámi, ṣé mo ti pa á ni?"

Ẹ wo ọ̀rọ̀ níhìn-ín o. Obìnrin tí kò fẹ́ wá ni, bí igi bá kú, àlàáfíà rẹ̀ ni. Ó lè ní, "Ó ti kú, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́." Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà lójijì, ó di ohùn ẹni tó ń pàṣẹ. "Gbé fóònù yẹn sún mọ́ ẹnu mi dáadáa," ni ó sọ, bí ẹni pé ọwọ́ Téèpù ni fóònù tirẹ̀ náà wà. "Fọ ọwọ́ rẹ. Yọ ohun tó o fi gún un, lọ́kọ̀ọ̀kan. Má fọwọ́ kan gbòǹgbò yẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Téèpù fa abẹ́rẹ́ yọ. Wọ́n ti dípẹtà, ojú ibi tí wọ́n gún ti dúdú. Kò fẹ́ fi nǹkan gún kóró náà mọ́, ó sì ro ọ̀rọ̀ náà bí télọ̀: ó gé aṣọ funfun rírọ̀ kan róbótó, ó lu ihò sí àárín rẹ̀, ó rán etí rẹ̀ yípo, ó fi rọ́bà fà á mọ́ ẹnu ife. Ó wá gbé kóró náà ka inú ihò yẹn, ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹnu ṣóńṣó lókè. Gbòǹgbò funfun náà rọra wọ inú omi, kò ṣẹ́. Gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá tú èémí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ẹni tó wà nínú fóònù.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti yí padà, Téèpù nìkan ni kò fura. Ìyá tí kì í pe ẹnikẹ́ni wá ń pè. Kí Téèpù tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, fóònù á ti dún. "Ṣé o ti pààrọ̀ omi rẹ̀?" Lọ́sàn-án, "Oòrùn ibẹ̀ kò pọ̀ jù fún un?" Ní ìrọ̀lẹ́, "Fa kọ́tìnnì yẹn sẹ́yìn díẹ̀, ewéko kì í jẹ òkùnkùn." Téèpù ṣì ń fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ bí fóònù bá ti dún, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló wá ń tẹ̀ lé e.

Ìdààmú kò tán síbẹ̀. Gbòǹgbò gùn, ó yọ ẹ̀ka, ó kún ìsàlẹ̀ ife. Ẹnu ṣóńṣó tó wà lókè kò ṣe nǹkan kan. Ó là, ó sì dákẹ́. Téèpù kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ní bóyá abẹ́rẹ́ ti gún un lọ́kàn. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣí ààrò wo búrẹ́dì ní gbogbo ìgbà, ṣé ó máa wú ni?"

Ìyàwó yìí náà ló sì kọ́kọ́ rí i. Ó ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ ṣí fèrèsé, ó dúró. Kò pariwo. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn ọkọ rẹ̀, ó ká a sínú ọwọ́.

"Ẹ gòkè lọ," ó ní. "Ẹ máà sáré, ẹ máà sì wọn nǹkan kan."

Ó sáré. Níbi ẹnu ṣóńṣó, láàárín kóró tó là, nǹkan kékeré kan yọ orí, pupa rúsúrúsú, ó nàró gbọn-in, òkè ló ń wò. Téèpù kúnlẹ̀ síwájú fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ ni ó bá a tẹ fóònù.

"Màámi," ni Téèpù wí, "ó pupa."

"Ibo ló ń wò?"

"Òkè."

Ìyá kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Má fọwọ́ kàn án," ó ní. "Èmi ò gba ti fóònù gbọ́. Mò ń bọ̀ wá fi ojú ara mi rí i."

Téèpù ti wà ní ibùdókọ̀ tipẹ́ kí bọ́ọ̀sì tó dé. Ìyá sọ̀ kalẹ̀, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, àpò kan ṣoṣo ló sì gbé dání, àpò kékeré báyìí. Inú ọmọ bàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ máa gbé kì í gbé àpò báyẹn. Ó wá wò ó ni, ọ̀la á padà. Téèpù fẹ́ gba àpò náà, ìyá kọ̀, ó ní ó wúwo. Kí ni aṣọ méjì fẹ́ wúwo sí?

Ó gun àtẹ̀gùn, ó ń sinmi níbi tó bá ti yí. Wọ́n fún un lómi, kò mu. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Ojú fèrèsé ló lọ tààrà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo igi náà fún ìgbà pípẹ́. Ó fi ìka kan àpá dúdú mẹ́ta tó wà lára kóró.

"Kí ló gún un?"

"Abẹ́rẹ́ ni, Màámi."

Ó mi orí. Ó wo aṣọ róbótó tó wà lẹ́nu ife, bí ojú rírán rẹ̀ ṣe tẹ̀ lé ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Èyí dáa," ó ní.

Ó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tú àpò rẹ̀. Kò sí aṣọ nínú rẹ̀. Erùpẹ̀ ló kún inú rẹ̀, erùpẹ̀ dúdú tó rọ̀, tó ṣì tutù díẹ̀.

"Abẹ́ píà ni mo ti wa á," ó ní. "Láti ọjọ́ tó o ti pè mí pé igi ń wo ilẹ̀ ni mo ti wa á sílẹ̀, tí mo ń wọ́n omi sí i. Èmi rò pé kò sí nǹkan kan tí mo lè wá ṣe nínú ilé yín. Ohun tí mo rò nìyẹn láti ìgbà yìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Tiyín ò tiẹ̀ wọ́, ńṣe lẹ dorí ẹ̀ kodò." Ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ìyàwó mi, bá mi wá ike tó tóbi."

Garawa ọ̀dà tí wọ́n fi kun yàrá náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá dá ihò sídìí rẹ̀, ó da erùpẹ̀ sí i, ó gbé kóró náà kúrò nínú omi, ó gbìn ín. Nígbà tó ṣe tán, ó na ọrùn síta fèrèsé, ó wo sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀. "Bó bá ga ju inú ilé lọ," ó ní, "ìyẹn náà ṣeé fọ́."

Téèpù ṣì ń wo àpò tó ṣófo. Ó fẹ́ béèrè, ẹ̀rù ìdáhùn ń bà á.

"Màámi," ó ní, "aṣọ yín dà?"

"Aṣọ wo?" Ìyá ń nu erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́. "Mo kó wọn fún ìyàwó ilé kejì, kọ́kọ́rọ́ ilé náà sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣebí télọ̀ ni mo bí."

Ìyàwó na téèpù sí i. Téèpù wọn èjìká ìyá rẹ̀, ó wọn apá rẹ̀, ó sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì torí omi tó gba ojú rẹ̀ kò jẹ́ kó rí nọ́ńbà. Ìyá na apá sílẹ̀, ó ń wo garawa ojú fèrèsé.

"Aṣọ tí kò ní tètè gbó ni kó o fi rán an," ó ní. "Píà kì í yára so."